Odi Tó Wó ní New Orleans

Nígbà tí omi tí ìjì ńlá kan gbé wá fà tán ní etíkun gúúsù Amẹ́ríkà lọ́dún 2005, ìbéèrè kan ni àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò ń bi àwọn onílé: afẹ́fẹ́ ló wó ilé yín ni, àbí omi? Ìbéèrè náà jọ tọmọdé, ṣùgbọ́n owó ńlá ló wà nídìí rẹ̀. Ìwé tí ọ̀pọ̀ onílé fọwọ́ sí sọ pé bí afẹ́fẹ́ bá ká òrùlé lọ, ilé-iṣẹ́ yóò sanwó. Bí ó bá jẹ́ omi ló wọlé, kò kàn wọ́n. Ọ̀tọ̀ ni ìwé adójútòfò ti omíyalé, ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n ti ń rà á, ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò sì ní in. Ọ̀rọ̀ náà kò yọ ẹni ńlá sílẹ̀. Trent Lott, sẹ́nétọ̀ láti ìpínlẹ̀ Mississippi, pàdánù ilé rẹ̀ ní Pascagoula, òun náà sì pe ilé-iṣẹ́ adójútòfò rẹ̀ lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ní ìlú New Orleans, ìdáhùn kẹta wà tí kò sí nínú ìwé adójútòfò kankan: odi tí ìjọba fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ló wó lu àwọn tí wọ́n kọ́ ọ fún. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé wíwó odi yẹn kì í ṣe àṣìṣe ọjọ́ kan. Òṣùwọ̀n kan náà, ìyẹn iye tí ohun ìní èèyàn tó, ni wọ́n fi pinnu bí odi ṣe máa jinlẹ̀ tó kí ìjì tó dé. Òun ló yan ẹni tó rí ọ̀nà jáde lọ́jọ́ tí ìjì dé. Òun náà ni wọ́n sì fi pín owó nígbà tí ìjì lọ tán.

Ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ ni ìjì tí wọ́n sọ ní Katrina bẹ̀rẹ̀ sí í kóra jọ nítòsí àwọn erékùṣù Bahamas. Ọjọ́ 25 ló gba gúúsù Florida kọjá, kò tíì lágbára púpọ̀ nígbà náà. Àárín òkun tó wà láàárín Amẹ́ríkà àti Mexico ló ti gba agbára, nítorí omi ibẹ̀ a máa gbóná gidigidi nínú oṣù Kẹjọ, omi gbígbóná sì ni oúnjẹ irú ìjì bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 28, eré afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti tó máìlì 175 ní wákàtí kan, ìpele karùn-ún, tí kò sí òmíràn lókè rẹ̀ mọ́. Ó ti rọ̀ dé ìpele kẹta nígbà tó gúnlẹ̀ ní Buras, ìpínlẹ̀ Louisiana, ní ìdájí ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 29. Orúkọ tí àwọn òyìnbó ń pe irú ìjì yìí, ìyẹn hurricane, ọ̀dọ̀ àwọn Taíno, ọmọ onílẹ̀ erékùṣù Karíbíánì, ni wọ́n ti yá a. Ní Cuba, níbi tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá lẹ́rú lọ, Ọya ni àwọn Lukumí, ìyẹn àtọmọdọ́mọ wọn, gbà pé ó ni ín. Ẹni tó bá ní ìjì ju agbára èèyàn lọ kò purọ́. Irọ́ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá di gbogbo ẹ̀bi lé ìjì lórí, kí ẹlòmíràn lè fọwọ́ nu ẹnu.

Ẹni tó bá fẹ́ já mi nírọ́ yóò kọ́kọ́ nawọ́ sí Mississippi, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, kò sí odi kankan tó wó. Ìjì a máa ti omi òkun síwájú bí ìgbà tí èèyàn ń fi ọwọ́ gbá omi jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú agbada, bí ilẹ̀ bá sì tẹ́jú, omi náà yóò gùnkè wọ̀lú. Ní Pass Christian, ó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 27 lọ. Ó ṣí ilé kúrò lórí ìpìlẹ̀ ní Waveland, ó gbé àwọn ilé tẹ́tẹ́ orí omi ní Biloxi àti Gulfport wá sórí ilẹ̀, ó sì pa èèyàn tó lé ní 200 ní ìpínlẹ̀ náà. Mo gbà pé iṣẹ́ ìjì ni gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n apá ọ̀tún ojú ìjì ló máa ń le jù, Mississippi ló sì bọ́ sí apá yẹn. Apá òsì, tó rọ̀ díẹ̀, ni New Orleans bọ́ sí. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníròyìn kan tó wà láàárín ìlú fi ń kéde ní ọjọ́ Ajé pé ìlú ti yọ, pé ewu ti ré kọjá. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ wà ní àdúgbò àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní French Quarter, ilẹ̀ sì gbẹ lẹ́sẹ̀ wọn. Omi ti ń wọ ilé àwọn ẹlòmíràn ní máìlì díẹ̀ sí wọn.

Gbígbẹ tí ilẹ̀ French Quarter gbẹ yẹn ló fèsì fún àtakò kejì, èyí tí ọ̀pọ̀ ń sọ títí di òní: ìlú tó wà nísàlẹ̀ ojú òkun, kí ni èèyàn ń wá níbẹ̀? Dennis Hastert, tó jẹ́ olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin nígbà náà, sọ ọ́ gbangba kí omi tó fà pé òun kò rí ọgbọ́n nínú kí wọ́n tún ìlú náà kọ́. Kò mọ ìtàn ilẹ̀ náà ni. Nígbà tí Bienville, ará Faransé, tẹ ìlú náà dó lọ́dún 1718, orí òkìtì tí odò Mississippi fi ẹrẹ̀ rẹ̀ kó jọ fún ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún ló tẹ̀ ẹ́ sí. Irà ni ibi tó kù, ẹnikẹ́ni kò sì gbé ibẹ̀. Nǹkan bí ọdún 1910 sókè ni ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ A. Baldwin Wood ṣe ẹ̀rọ ìfami ńláńlá tó fa irà náà gbẹ, tí wọ́n sì fi ń ta ilẹ̀ ibẹ̀. Ilẹ̀ irà tí wọ́n bá sì fa omi inú rẹ̀ tán, ṣe ló máa ń sún kì bíi kànìnkànìn tó gbẹ sínú oòrùn. Bí wọ́n ṣe ń fa omi tó ni ilẹ̀ ń rì tó, bí ó sì ṣe ń rì ni ẹ̀rọ àti odi ń di dandan sí i. Síbẹ̀, ìwádìí tí Richard Campanella ti Yunifásítì Tulane ṣe fi hàn pé nǹkan bí ìdajì ìlú náà ló wà lókè ojú òkun tàbí lọ́gbọọgba rẹ̀. Ọwọ́ èèyàn ló fà á tí ìdajì kejì fi wà nísàlẹ̀, pẹ̀lú àṣẹ ìjọba àti owó ìjọba, ìjọba kan náà ló sì sọ fún àwọn tó ra ilẹ̀ ibẹ̀ pé odi wà, kí wọ́n sùn, kí wọ́n hanrun.

Ìlérí odi yẹn ní ọjọ́ orí. Nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 1965 ni ìjì Betsy ri àdúgbò Lower Ninth Ward, níbi tí àwọn aláwọ̀ dúdú pọ̀ sí. Lọ́jọ́ kejì, Ààrẹ Lyndon Johnson ti balẹ̀ sí ìlú náà. Ó wọ ilé ẹ̀kọ́ kan tí àwọn tí omi lé jáde sá sí, iná kò sí, ó sì ní kí wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí òun lójú, ó wá kígbe sínú òkùnkùn náà pé Ààrẹ wọn ni òun, òun wá ràn wọ́n lọ́wọ́. Olóṣèlú ni Johnson, ó mọ ohun tó ń ṣe, ṣùgbọ́n kí oṣù tó tẹ̀ lé e tó parí, òfin ti jáde tó gbé iṣẹ́ odi lé ọwọ́ ẹ̀ka ẹnjiníà àwọn ọmọ ogun, ìyẹn Army Corps of Engineers. Wọ́n fojú bù ú pé ọdún 13 ni iṣẹ́ náà yóò gbà. Nígbà tí Katrina dé, ó ti pé 40 ọdún, iṣẹ́ kò tíì parí, ọdún 2015 ni wọ́n sì tún sún ìparí rẹ̀ sí. Láàárín àkókò yẹn kan náà, Corps parí kánáàlì gbọọrọ kan tí wọ́n ń pè ní MRGO, kí ọkọ̀ ojú omi lè gba ọ̀nà ẹ̀bùrú wọ ìlú. Ọkọ̀ tó gba ibẹ̀ kò tó nǹkan; omi iyọ̀ ló gba ibẹ̀ wọlé, tó pa igbó inú irà tó máa ń fọ́ agbára ìgbì kí ó tó dé ìlú. Àwọn ará Lower Ninth Ward kò sì fọkàn tán ẹnikẹ́ni mọ́. Láti ìgbà Betsy ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń tọ́jú àáké sókè àjà, kí wọ́n lè fi dá òrùlé lu bí omi bá lé wọn débẹ̀. Àwọn àgbà ibẹ̀ tún gbà pé ṣe ni wọ́n fi àdó olóró fọ́ odi lọ́dún 1965. Kò sí ẹ̀rí fún èyí, ṣùgbọ́n kò ṣàdédé wá: lóṣù Kẹrin ọdún 1927, àwọn aláṣẹ fi àdó fọ́ odi odò ní Caernarvon lójú gbogbo ayé, wọ́n ri ilẹ̀ àwọn ará St. Bernard àti Plaquemines kí omi má baà dé ọ̀dọ̀ àwọn olówó New Orleans.

Ó yẹ kí a wo odi ọ̀hún fínnífínní, nítorí inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Àwọn kánáàlì kan wà tí ẹ̀rọ ìfami máa ń da omi òjò sí, tí wọ́n gba àárín àdúgbò lọ sí ọ̀sà Pontchartrain: 17th Street àti London Avenue ni méjì nínú wọn. Ní bèbè wọn ni òkìtì amọ̀ wà, lórí òkìtì náà ni wọ́n gbin ògiri kọnkéré tẹ́ẹ́rẹ́ sí, pákó irin gígùn tí wọ́n rì mọ́ inú ilẹ̀ ló sì jẹ́ gbòǹgbò ògiri náà. Bí gbòǹgbò ṣe jìn tó ni ògiri ṣe lè dúró tó. Ní àárín ọdún 1980 sí 1989, Corps dán irú ògiri yìí wò, wọ́n sì túmọ̀ àbájáde rẹ̀ pé kò pọn dandan kí irin náà wọlẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 17 lọ, níbi tó yẹ kó wọlẹ̀ tó 31 sí 46. Àwọn ẹnjiníà tó tún ìwé náà yẹ̀ wò, tí wọ́n sì gbé àlàyé wọn jáde lọ́dún 2015, sọ pé àṣìtumọ̀ yẹn dín nǹkan bí 100 mílíọ̀nù dọ́là kù nínú owó iṣẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 29, omi ọ̀sà wú sínú kánáàlì 17th Street, ó tẹ ògiri sẹ́yìn díẹ̀. Àlàfo là láàárín ẹsẹ̀ ògiri àti amọ̀, omi rọ́ sínú àlàfo náà, ó sì ti ògiri tòun tamọ̀ lọ gbalaja sórí ilẹ̀ àwọn èèyàn. Omi kò tíì dé orí ògiri nígbà tí ìyẹn ṣẹlẹ̀. Odi ya ní ibi tó lé ní 50 lápapọ̀, omi sì bo ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ìlú náà. Nínú oṣù Kẹfà ọdún 2006, ọ̀gágun Carl Strock, olórí Corps, gbà ní gbangba pé iṣẹ́ wọn ló kùnà.

Àwọn kan ń di ẹ̀bi yìí lé àwọn tó ń dáàbò bo irà àti ẹja lórí, pé àwọn ni wọ́n gba ilé ẹjọ́ lọ lọ́dún 1977, tí wọn kò jẹ́ kí Corps kọ́ ìlẹ̀kùn ńlá sẹ́nu ọ̀sà. Òótọ́ ni pé wọ́n pẹjọ́. Ohun tí adájọ́ sì sọ ni pé kí Corps lọ ṣe ìwádìí tó péye lórí ohun tí ìlẹ̀kùn náà yóò dá sílẹ̀. Corps fúnra rẹ̀ ló pa ètò náà tì, tó yan odi gíga, nítorí pé owó rẹ̀ kéré jù. Àwọn ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ tó ń mójútó odi àti ẹ̀rọ omi náà kọ̀ kí wọ́n kọ́ ìlẹ̀kùn sẹ́nu kánáàlì. Ẹ̀bi pọ̀ tó láti pín kárí, n kò ní yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ gbogbo wọn, owó ló borí ìjíròrò.

Báyìí ni a dé ọ̀rọ̀ ìjáde. Nínú oṣù Keje ọdún 2004, ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ ṣe ìdánrawò kan tí wọ́n pè ní Hurricane Pam, wọ́n fojú inú wo ìjì tó ri New Orleans, wọ́n sì ṣírò pé èèyàn tó lé ní 60,000 lè kú, pé nǹkan bí 100,000 ni kò ní rí ọkọ̀ jáde. Ètò tí ìdánrawò náà bí kò tíì parí nígbà tí ìjì gidi dé. Mo fẹ́ kí a gbà pé ohun kan dára nínú ọ̀rọ̀ yìí: láti ọ̀sán Sátidé, ọjọ́ 27, wọ́n sọ gbogbo òpópónà máróṣẹ̀ di ọ̀nà ìjáde, kò sí ọ̀nà àbọ̀ mọ́, àwọn tó lé ní mílíọ̀nù kan sì kúrò ní ìlú àti agbègbè rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni. Àmọ́ ẹni tó ní mọ́tò ni wọ́n ṣe é fún. Ó ju ìdákan nínú mẹ́rin ìdílé ìlú náà tí kò ní mọ́tò rárá. Ìparí oṣù ni, owó tí ọ̀pọ̀ arúgbó ń gbà lọ́wọ́ ìjọba kò tíì wọlé. Ray Nagin, olórí ìlú, kò pàṣẹ pé kí gbogbo èèyàn jáde títí di òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, kò sì pèsè ọkọ̀ tó máa kó wọn jáde; ọkọ̀ tó wà, pápá ìṣeré Superdome ló ń kó wọn lọ. Lẹ́yìn ìjì, àwòrán bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ tó lé ní ọgọ́rùn-ún, tí wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ nínú omi, kárí ayé. Nígbà tí wọ́n bá ní àwọn tó kù kọ̀ láti jáde ni, mo máa ń bi ara mi léèrè pé ẹsẹ̀ ni wọ́n retí kí àwọn arúgbó fi sá fún ìjì tó ń bọ̀ lọ́la.

Cuba kò jìnnà sí ibẹ̀, irú ìjì kan náà ló sì ń bá wọn jà. Lọ́dún 1963, ìjì Flora pa èèyàn tó ju 1,000 lọ ní Cuba. Wọ́n dá ètò ààbò ìlú sílẹ̀ lẹ́yìn náà, àdúgbò kọ̀ọ̀kan sì ní àkọsílẹ̀ ẹni tó dàgbà, ẹni tó lóyún, ẹni tí kò lè rìn. Nígbà tí ìjì Michelle dé lọ́dún 2001, wọ́n kó nǹkan bí 700,000 èèyàn kúrò lọ́nà rẹ̀, èèyàn márùn-ún ló sì kú. Wọ́n á ní ìjọba tó ń fi tipátipá pàṣẹ ni ti Cuba, pé irú rẹ̀ kò ṣeé ṣe ní Amẹ́ríkà. Mo mọ̀ pé ìjọba Castro, tó wà níbẹ̀ nígbà náà, kì í gba àtakò. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì tó dúró ní ìkángun òpópónà kì í ṣe ìfipá. Nígbà tí wọ́n bá ń kó èèyàn ní Cuba, wọ́n máa ń bá wọn kó fíríìjì, tẹlifíṣàn àti ẹran ọ̀sìn wọn, nítorí wọ́n mọ̀ pé ìwọ̀nba ohun tí tálákà ní ló ń so ó mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn Katrina, Cuba kó dókítà tó lé ní 1,500 jọ pé kí wọ́n lọ ṣèrànwọ́. Amẹ́ríkà kò gbà wọ́n.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ yẹn ni ọ̀pọ̀ ayé rántí, èmi kò sì ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ó lé ní 20,000 èèyàn nínú Superdome tí afẹ́fẹ́ ti ṣí òrùlé rẹ̀, tí iná àti omi ẹ̀rọ kò sí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún míràn wà ní gbọ̀ngàn ìpàdé ńlá etí odò, láìsí oúnjẹ. Ààrẹ George W. Bush fi ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ kọjá lókè ìlú náà ní ọjọ́ 31, kò balẹ̀. Àjọ FEMA, tó yẹ kó máa mójútó pàjáwìrì, ti di ẹ̀ka kékeré kan lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ààbò tí wọ́n dá sílẹ̀ nítorí àwọn apániláyà; Michael Brown, ọ̀gá rẹ̀, ti ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn olùsìn ẹṣin Arébíà tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án ni Bush yìn ín lójú kámẹ́rà, ọjọ́ 12 ni Brown kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Bush ní òun kò rò pé ẹnikẹ́ni retí kí odi ya. Àwọn agbèjà rẹ̀ sọ pé ohun tí Max Mayfield, olórí ibùdó ìṣọ́ ìjì, kìlọ̀ fún un ní ọjọ́ 28 ni pé omi lè gorí odi, kì í ṣe pé odi lè wó. Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́ fún ẹnjiníà. Fún ẹni tó wà lókè àjà pẹ̀lú àáké, n kò rí i.

Àwọn tó fẹ́ràn Bush yóò ní Nagin àti Gómìnà Kathleen Blanco ti Louisiana ló jẹ̀bi, pé àwọn méjèèjì ń bá Washington fa ọ̀rọ̀ ẹni tó máa pàṣẹ fún ọmọ ogun nígbà tí èèyàn ń kú. Wọn kò ṣì í sọ. Ilé ẹjọ́ tilẹ̀ dá Nagin lẹ́bi rìbá lọ́dún 2014. Ṣùgbọ́n àṣẹ kan tí Nagin pa ní alẹ́ ọjọ́ 31 ló gba àfiyèsí mi ju gbogbo ìyókù lọ: ó ní kí ọlọ́pàá tó tó 1,500 fi iṣẹ́ yíyọ èèyàn sílẹ̀, kí wọ́n lọ dáàbò bo ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ẹrù. Èèyàn ṣì wà lórí òrùlé lọ́jọ́ yẹn. Ariwo ti gbalẹ̀ pé wọ́n ń pa èèyàn, wọ́n ń fipá bá ọmọdé lòpọ̀ nínú Superdome, olórí ìlú àti ọ̀gá ọlọ́pàá sì tún un sọ lórí tẹlifíṣàn. Nígbà tí wọ́n kó àwọn èèyàn jáde tán, òkú mẹ́fà ni wọ́n bá nínú rẹ̀, kò sì sí èyí tí wọ́n pa nínú wọn. Irọ́ yẹn ní èso tirẹ̀. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án, ọlọ́pàá ìlú Gretna, tó wà nítòsí, dí afárá pẹ̀lú ìbọn, wọ́n dá àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn jáde padà sínú ìlú. Ní ọjọ́ 4, ọlọ́pàá New Orleans yìnbọn lu èèyàn mẹ́fà tí kò mú ohun ìjà lórí afárá Danziger, méjì kú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn, ó yẹ kí a kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun Amẹ́ríkà yọ èèyàn tó lé ní 33,000, pé àwọn apẹja abúlé náà wa ọkọ̀ tiwọn wá láìsí ẹni tó bẹ̀ wọ́n.

Lẹ́yìn náà ni àwọn tó ń wá òkú ń lọ láti ilé dé ilé pẹ̀lú ọ̀dà. Wọn a fa igi ìlà méjì kọjá lórí ara wọn sára ògiri, bíi lẹ́tà X. Lókè ìlà náà, ọjọ́ tí wọ́n wọlé; lápá òsì, orúkọ ikọ̀ wọn; lápá ọ̀tún, ewu tó wà nínú ilé, bíi gáàsì tàbí ajá; nísàlẹ̀, iye òkú. Òdo ló wà nísàlẹ̀ ọ̀pọ̀ jù lọ. Fún ọdún púpọ̀, 1,833 ni iye òkú tí gbogbo èèyàn ń kà. Lọ́dún 2023, ibùdó ìṣọ́ ìjì tún un ṣírò, ó di 1,392. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì àwọn tó kú ní Louisiana ló ti pé ẹni ọdún 75 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní St. Bernard, èèyàn 35 ló rì. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ aláwọ̀ dúdú àti funfun nìkan ni Katrina kò tíì ka iye òkú náà dáadáa, nítorí aláwọ̀ funfun tó kú pọ̀ púpọ̀. Àmọ́ nínú ìlú New Orleans fúnra rẹ̀, ikú pa àgbàlagbà aláwọ̀ dúdú ju funfun lọ bí a bá fi iye wọn wéra, ìdí rẹ̀ sì hàn gbangba fún ẹni tó bá ti mọ àwọn tí kò ní mọ́tò.

Lórí ọ̀rọ̀ pípadà sílé ni òṣùwọ̀n tí mo ń wí ti yọ síta kedere. Lakeview, níbi tí àwọn aláwọ̀ funfun tó rí jájẹ ń gbé, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kánáàlì 17th Street. Omi bò ó gẹ́gẹ́ bó ṣe bo Lower Ninth Ward. Ètò kan tí wọ́n pè ní Road Home ni ìpínlẹ̀ Louisiana fi pín owó ìjọba àpapọ̀ fún àwọn onílé. Ó ní kí wọ́n wo iye tí ilé náà ì bá tà kí ìjì tó dé, kí wọ́n wo iye tí títún un kọ́ yóò ná wọn, kí wọ́n sì mú èyí tó kéré jù, láìjẹ́ kó kọjá 150,000 dọ́là. Sìmẹ́ńtì àti pákó kì í wo àdúgbò kó tó lówó lórí. Ṣùgbọ́n ilé oníyàrá mẹ́ta ní Lower Ninth Ward kò lówó lórí bí irú rẹ̀ ní Lakeview, torí náà ẹni tó ni ín gba owó tí kò lè kọ́ ìdajì rẹ̀, nígbà tí ti Lakeview kọ́ tirẹ̀ parí. Kò sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ sínú òfin pé kí aláwọ̀ dúdú gba díẹ̀. Ìṣirò náà ló bá wọn ṣe é. Àwọn onílé pẹjọ́ lọ́dún 2008, wọ́n sì parí rẹ̀ lọ́dún 2011 pẹ̀lú 62 mílíọ̀nù dọ́là, lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ ti di ará Houston. Àwọn ayálégbé kò tilẹ̀ sí nínú ètò yẹn. Nínú oṣù Kejìlá ọdún 2007, ìgbìmọ̀ ìlú fohùn ṣọ̀kan pé kí wọ́n wó nǹkan bí 4,500 ilé ìjọba tí àwọn tálákà ń gbé, bẹ́ẹ̀ omi kò wó wọn. Wọ́n lé òṣìṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ tó lé ní 7,000 lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì fi ilé ẹ̀kọ́ lé àwọn aládàáni lọ́wọ́. Máàkì àwọn ọmọ gòkè lẹ́yìn náà, mo gbà, ṣùgbọ́n olùkọ́ tí wọ́n lé kò rí ilé padà sí. Èèyàn 484,674 ló wà ní ìlú náà nínú ìkànìyàn ọdún 2000. Ní 2010, ó ti di 343,829.

Àwọn tí odi wó lù lọ sílé ẹjọ́ pẹ̀lú. Adájọ́ Stanwood Duval gbọ́ ẹjọ́ náà, kò sì fi ọ̀rọ̀ pamọ́ nípa ohun tó rò sí iṣẹ́ Corps, ṣùgbọ́n òfin ọdún 1928, tí wọ́n ṣe lẹ́yìn omíyalé ńlá ọdún 1927 tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan, ti sọ pé kò sí ẹni tó lè gbowó ìtanràn lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ nítorí odi omi. Nínú oṣù Kìíní ọdún 2008, ó da ẹjọ́ àwọn kánáàlì nù. Lórí MRGO, ó dá àwọn olùpẹjọ́ láre lọ́dún 2009. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kọ́kọ́ tì í lẹ́yìn, nígbà tó sì di oṣù Kẹsàn-án ọdún 2012, ó yí ìdájọ́ ara rẹ̀ padà. Ìjọba tó gbà pé òun ló kùnà kò san kọ́bọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìtanràn.

Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n tún odi kọ́. Ó ná wọn ju 14 bílíọ̀nù dọ́là lọ: ìlẹ̀kùn sẹ́nu kánáàlì, ògiri tó gùn tó máìlì 1.8 lójú ọ̀sà Borgne, òkúta tí wọ́n fi dí MRGO. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 2021, ọdún 16 géérégé sí ọjọ́ tí Katrina gúnlẹ̀, ìjì Ida kọlu Louisiana ní ìpele kẹrin, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì le ju ti Katrina lọ nígbà tó gúnlẹ̀. Odi New Orleans dúró. Omi wọ LaPlace, tó wà lẹ́yìn ibi tí odi parí sí, tí wọn kò tíì kọ́ tiwọn nígbà náà. Nínú ìlú, iná lọ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, ooru sì pa àwọn arúgbó nínú ilé wọn. Kí ìjì náà tó dé, wọ́n ti kó àwọn tó lé ní 800 láti ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó méje lọ sí ilé ìkẹ́rù kan ní ìlú Independence. Wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ fún wọn níbẹ̀, òmíràn nínú wọn lórí sìmẹ́ńtì, omi òjò sì wọlé bá wọn. Ó kéré tán, méje nínú wọn kú.